Ìkìlọ̀ fún Ọlọ́sìn Ẹlẹ́dẹ̀: Bí Ọmọ Tuntun Bá Ń Yàgbẹ́ Gbuuru

Ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ Ìtàjí, Ayédé, Ìṣàn, Ìlúpéjú, títí dé Ọyẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó ní Èkìtì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Abo ẹlẹ́dẹ̀ bí mẹ́wàá, ara gbogbo wọn dá ṣáṣá, wọ́n ń mu ọmú. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ìdí wọn ti rin gbindin, ìgbẹ́ ń ṣàn bí omi, òmíràn ń bì, wọ́n kó ara wọn jọ sí igun kan, wọ́n ń gbọ̀n. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé ká sáré wá ìgò tetracycline, ká gún gbogbo wọn lábẹ́rẹ́, ká sì máa retí. Ilẹ̀ á mọ́, mẹ́ta á ti kú, a ó tún gún àwọn tó kù. Mo bẹ yín, ẹ dá ọwọ́ yẹn dúró ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáírọ́ọ̀sì ló kọlu àwọn ọmọ náà, abẹ́rẹ́ yẹn kò sì lè fi í ṣe ohunkóhun. Omi ara tó ń tán ló ń pa wọ́n. Ẹni tó bá dá omi padà sí wọn lára, tó jẹ́ kí ara wọn móoru, tí kò sì já wọn lẹ́nu ọmú, òun ló ń tọ́jú wọn.

Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni rotavirus. Kì í ṣe àlejò ní Nàìjíríà rárá. Láti nǹkan bí 1990 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹran ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn rí i nínú ìgbẹ́ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹ fọkàn sí ohun tí wọ́n rí: ó wà lára àwọn tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ó sì wà lára àwọn tí ìgbẹ́ wọn dára. Nítorí náà, ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jẹun, tó ń sáré kiri, tí kò sí ẹni tó fura sí i, lè máa yà á dà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Abo ẹlẹ́dẹ̀ tó ti dàgbà sábà máa ń yà á jáde ní àkókò tó bá bímọ, láìjẹ́ pé ohunkóhun ń ṣe òun fúnra rẹ̀. Rotavirus sì lágídí púpọ̀. Nínú ìgbẹ́ tó gbẹ mọ́ ilẹ̀, ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù kó ṣì lágbára. Ẹni tó bá rò pé ilé ẹlẹ́dẹ̀ tó kàn ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì ti mọ́, ó ń tan ara rẹ̀ ni.

Àwọn yòókù tó lókìkí wá láti inú ẹbí kòrónáfáírọ́ọ̀sì. Ọ̀kan ni TGE, tí àwọn olùwádìí méjì, Doyle àti Hutchings, ṣàpèjúwe ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà ní 1946. Ọ̀kan ni PED, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1971. Ẹ̀kẹta ni deltacoronavirus, tí àwọn onímọ̀ ìlú Hong Kong kéde rẹ̀ ní 2012. Ní ìpínlẹ̀ Guangdong ní Ṣáínà, láàárín 2016 sí 2017, òmíràn tún jáde tó wá láti ara àdán, ó sì pa ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó sún mọ́ 25,000.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ikùn ọmọ? Inú ìfun kékeré kún fún ẹran wẹ́wẹ́ tó dúró ṣánṣán bí irun ara táwẹ́ẹ̀lì. Àwọn ló ń fa oúnjẹ àti omi wọ inú ẹ̀jẹ̀. Orí wọn ni fáírọ́ọ̀sì máa ń bà lé. Á pa awọ òkè wọn, wọ́n á sì kúrú mọ́lẹ̀. Wàrà tí ọmọ bá mu kò ní rí ẹni gbà á. Á dúró sínú ìfun, á máa fa omi láti ara ọmọ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì ya jáde. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí wàrà dídì nínú ìgbẹ́ wọn, tí òmíràn sì ń kú nígbà tí wàrà ṣì wà nínú ikùn rẹ̀. Ọmọ tuntun kò ju kílò kan sí kílò kan ààbọ̀ lọ, omi sì ni nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ara rẹ̀. Kò ní ibi tó ń fi omi pamọ́ sí. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ti tó oṣù kan lè yàgbẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí ìfun rẹ̀ hù padà, kó sì yè é. Ti ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kì í tètè hù. Kò sí oògùn tó lè mú kí ìfun yẹn hù kíákíá. Iṣẹ́ wa ni pé ká mú ọmọ náà wà láàyè títí ìfun yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe.

Ohun kan tún wà tó mú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ ènìyàn. Ọmọ tiwa máa ń gba lára ààbò ìyá rẹ̀ láti inú oyún. Ibi ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kì í jẹ́ kí ààbò yẹn kọjá. Òfìfo ló ń wá sáyé, wàrà àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì pọ́n díẹ̀, ni yóò fi gba ohun ìjà. Wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀ bá ti kọjá, ìfun á ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ààbò tó fẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má sùn lóru tí abo yín bá ń bímọ. Gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ọmú, kí o sì rí i pé ó mu ún. Bí ọmọ bá pọ̀ ju ọmú lọ, kó àwọn tó lágbára tó ti mu yó sínú àpótí tó móoru fún wákàtí kan, kí àwọn kéékèèké lè rí àyè. Iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan yìí ju gbogbo abẹ́rẹ́ tí a lè rà lẹ́yìn náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn fáírọ́ọ̀sì yìí ṣe ń tàn ká. Ní 2013, PED wọ Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, ó ti pa ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ bíi mílíọ̀nù méje. Orílẹ̀-èdè tó ní dókítà ẹran, yàrá àyẹ̀wò àti owó ni a ń wí o. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀nà tó gbà ń rìn wò, wọ́n rí i pé ọkọ̀ tó ń kó ẹlẹ́dẹ̀ lọ sí ilé ìpẹran wà lára ohun tó ń gbé e kiri: ọkọ̀ lọ láìní i, ó padà wálé pẹ̀lú rẹ̀ lára táyà àti nínú ìgbẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Bàtà awakọ̀ náà ń gbé e.

Ẹ wá wo tiwa. Alájàpá wá láti Adó tàbí láti Àkúrẹ́, ó ti wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, a sì ní kó wọlé wá yan èyí tó bá wù ú. A yá akọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ìlú kejì kó wá gun abo wa, a fi ọmọ kan san án lẹ́yìn ìbímọ. A ya korobá àti ṣọ́bìrì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí ìrànlọ́wọ́ ni gbogbo èyí láàárín àgbẹ̀, akọ ẹlẹ́dẹ̀ kò sì rọrùn láti bọ́ fún ẹni tó ní abo méjì péré. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí alájàpá dúró níta, kí ẹ kó ẹlẹ́dẹ̀ wá bá a. Ẹ ra bàtà rọ́bà kan tí kò ní kúrò nínú ọgbà yín láé. Bí ẹ bá gbọdọ̀ yá akọ, kó máà dé ibi tí abo ọlọ́mọ wà, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi olówó rẹ̀ bóyá ọmọ ń kú lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi, ẹ bi í.

Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ gbuuru ni ti fáírọ́ọ̀sì, ọjọ́ orí ọmọ sì máa ń là wá lójú. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, tí kò sì sí èébì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bakitéríà E. coli, pàápàá ní ilé tó dọ̀tí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ ọmọ ọjọ́ díẹ̀, tí ọmọ sì ń kú kíákíá, ẹ ronú nípa Clostridium. Ìgbẹ́ tó ki bí ọ̀bẹ̀ ẹ̀gúsí, tó pọ́n, tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún sí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sábà máa ń jẹ́ ti kòkòrò coccidia, èyí sì ní oògùn tirẹ̀ tí dókítà ẹran mọ̀. Rotavirus náà fẹ́ràn láti jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní títí dé ìgbà tí a bá já wọn lẹ́nu ọmú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣáájú ìyẹn bí wàrà ìyá kò bá ní ààbò tó tó. TGE àti PED kì í yan ọjọ́ orí. Àwọn ló máa ń já bọ́ lójijì, tí èébì bá wọn wá, tí ó sì tàn ká gbogbo ilé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ìyá náà lè yàgbẹ́, kó má jẹun. Ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lè kú tán pátápátá nínú rẹ̀, nígbà tí àwọn àgbà á yàgbẹ́ lásán, wọ́n á sì yè. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn wọlé papọ̀, ìdí nìyí tí ojú nìkan kò fi tó.

Àmọ́ bí ẹlẹ́dẹ̀ ńlá bá ń kú, tí ara wọn gbóná janjan, tí etí àti ikùn wọn ń pọ́n tàbí ṣe àwọ̀ àlùkò, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ọmọ. Ó lè jẹ́ African swine fever, èyí tó gba orílẹ̀-èdè Benin wọ Nàìjíríà ní 1997, tó sì tún kó àwọn ọlọ́sìn Òkè-Àró sí ìbànújẹ́ ńlá ní 2020. Ẹ má ta ẹyọ kan, ẹ má pa ẹyọ kan jẹ, ẹ ti ọgbà, kí ẹ sì pe dókítà ẹran ìjọba lọ́jọ́ náà gan-an.

Nípa abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tààrà. Oògùn apakòkòrò máa ń pa bakitéríà. Kò sí èyí tó ń pa rotavirus tàbí PED, ì báà jẹ́ èyí tó wọ́n jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Tí bakitéríà bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, dókítà lè ní ká lò ó, kó sọ irú èyí àti ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tí à ń lò lójú òru láìbéèrè, tí a ń fojú díwọ̀n sínú sírìnjì, à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Owó ń lọ. Àwọn bakitéríà tó wà nínú ilé ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń borí oògùn náà, kó tó di pé a nílò rẹ̀ lóòótọ́, ó ti di omi lásán. Irú oògùn kan náà yìí ni ilé ìwòsàn ń lò fún àwa ènìyàn. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Àwọn kan tún máa ń da epo pupa sọ́mọ lẹ́nu. Ọmọ tí kò lágbára láti gbé mì, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni epo yẹn ń lọ.

Omi ni kí ẹ fún wọn. ORS tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn fún ọmọ ènìyàn dára fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀: ìdì kan sí lítà omi kan tó mọ́, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ se lítà omi kan, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tó tẹ́ pẹrẹsẹ àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ má fi kún iyọ̀ náà nítorí kó lè yára ṣiṣẹ́. Iyọ̀ tó pọ̀ jù máa ń pa ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù. Ẹ bù ú sínú àwo pẹlẹbẹ tí ọmọ kò ní rì sí, nítorí ọ̀pọ̀ wọn á fẹnu ara wọn mu ún. Èyí tí kò bá lè mu, ẹ fi sírìnjì tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kán an sí i ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, díẹ̀díẹ̀, kó gbé e mì kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Ẹ má dá orí rẹ̀ sẹ́yìn. Ní wákàtí kan sí méjì, ẹ tún un ṣe, tọ̀sán-tòru. Bí ara ọmọ bá ti tutù, ẹ kọ́kọ́ mú un móoru kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Òtútù ni ọ̀tá kejì, ó sì burú lọ́dọ̀ wa ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì bá ń gbé òtútù sínú ikùn ọmọ láàárọ̀. Ọmọ tuntun ń fẹ́ ooru tó tó ìwọ̀n 32 sí 35 ní Celsius, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí 20. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ilé ni ẹ máa mú gbóná. Igun kan ni kí ẹ ṣe fún àwọn ọmọ, pẹ̀lú àpótí pákó tó ní ẹnu kékeré tí ìyá kò lè wọ̀, kí ẹ sì tẹ́ èèpo ìrẹsì tàbí koríko gbígbẹ síbẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti rin. Níbi tí iná ọba bá wà, gílóòbù kan tó. Níbi tí kò bá sí, ìkòkò èédú tí a fi irin yí ká lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí afẹ́fẹ́ ráyè jáde, kí koríko má sì sún mọ́ ọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sùn. Bí wọ́n bá gun ara wọn lórí, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ti tó.

Ẹ má já wọn lẹ́nu ọmú nítorí pé ẹ̀ ń rí wàrà nínú ìgbẹ́. Wàrà ìyá tó ti bá àrùn náà pàdé rí ní ààbò tó ń bo ìfun ọmọ lójoojúmọ́, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń mu ún. Ìyá náà sì gbọ́dọ̀ ní omi mímu. Abo ọlọ́mọ lè mu lítà 20 sí 40 lójúmọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga bá ń gbẹ, òun la kọ́kọ́ máa ń gbàgbé, wàrà rẹ̀ á sì gbẹ pẹ̀lú kànga. Ẹ má gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ fún abo mìíràn tí ọmọ rẹ̀ dá ṣáṣá. Láàárọ̀, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú àwọn tí ara wọn dá, àwọn aláìsàn ni kó kẹ́yìn, kí ẹ wá fọ ọwọ́ àti bàtà.

Kí abo mìíràn tó wọ ilé ìbímọ, ẹ gbá ìgbẹ́ kúrò pátápátá, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ilẹ̀ àti ara ògiri, kó gbẹ, kí ẹ tó da Hypo sí i. Hypo tí a dà sórí ìgbẹ́, orí ìgbẹ́ náà ló ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ asíìdì tàbí oògùn ìfọlẹ̀ mìíràn, èéfín rẹ̀ lè pani lára. Lẹ́yìn náà, kí oòrùn wọlé, kó tún gbẹ. Oyún ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 114, nítorí náà ẹ lè ka ọjọ́: ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ fi ọṣẹ fọ ikùn àti ọmú abo náà, kí ẹ sì gbé e wọ ibẹ̀. Abo tó fẹ́ bí àkọ́bí ni kí ẹ fojú sí jù, torí ààbò tó wà nínú wàrà tirẹ̀ kì í pọ̀ bíi ti ìyá tó ti bímọ rí. Bí ẹ bá rà á níta, kí ó ti wà lọ́dọ̀ yín ju oṣù kan lọ kó tó bímọ, kí ara rẹ̀ lè mọ kòkòrò ilé yín.

Àwọn kan ti gbọ́ pé lókè òkun, wọ́n máa ń lọ ìfun ọmọ tó kú fún àwọn aboyún jẹ kí wọ́n lè ní ààbò. Òótọ́ ni, wọ́n ṣe é fún TGE àti PED lábẹ́ ojú dókítà. Ẹ má dán an wò níbí. Ní ilẹ̀ tí African swine fever ti ń jà, ẹni tó bá fi òkú ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa gbogbo ọgbà rẹ̀ run. Òkú ọmọ, ilẹ̀ jíjìn ni ibùgbé rẹ̀, ibi tí ajá kò lè hú u, tí ó sì jìnnà sí kànga. Ẹ má jù ú sódò tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pọn.

PED àti TGE kì í mú ènìyàn. Rotavirus ní ẹ̀yà tiwa tó ń bá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jà, àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé ti ẹlẹ́dẹ̀ máa ń kọjá sára ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé máa fi ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń yàgbẹ́ ṣeré, kí gbogbo ilé sì máa fọ ọwọ́. Láti oṣù kẹjọ 2022 ni àjẹsára rotavirus ti wọ inú àwọn àjẹsára tí Nàìjíríà ń fún ọmọ ọwọ́. Ìyá tó ní ọmọ tuntun, kó béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn.

Bí ọmọ bá ń kú léraléra láti ìbímọ dé ìbímọ, àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ohun tó ń pa wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ yín. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọyẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìkọ̀lé, ẹ lè lọ gba ìmọ̀ràn nípa ìtọ́jú ẹran níbẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò ti ẹ̀ka ìṣègùn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran ti ìjọba tó wà ní Vom láti 1924 náà ń ṣe àyẹ̀wò. Ìgbẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí, tí a kò tíì gún lábẹ́rẹ́, ló dára jù. Ẹ gbà á láti ara ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ìgò mímọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ dé e pinpin, ẹ fi yìnyín yí i ká nínú kúlà, kó sì gbéra lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ọjọ́ tí ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, iye tó ti kú, bóyá wọ́n bì, ìgbà mélòó tí ìyá ti bímọ àti orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ti lò sórí bébà kan, kí ẹ fi lé ẹni tó ń gbé e lọ lọ́wọ́.